Eto'o, Ibrahimovic àti ènì tó ju ọjà lọ: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí pàṣípààrọ̀ ọdún 2009

Ní oṣù keje ọdún 2009, Barcelona fún Inter Milan ní Samuel Eto'o, wọ́n ka mílíọ̀nù 46 Yúrò lé e, wọ́n sì mú Zlatan Ibrahimovic lọ sílé. Ọdún kan kò tíì pé tí ikọ̀ méjèèjì fi di nǹkan mìíràn. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ ọjà yìí sílẹ̀ níbi tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù jókòó sí, ariwo ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù jọ síbí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ẹ̀yìn Eto'o ni mo wà, láti ìgbà tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Mallorca. Ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn rẹ́ Ibrahimovic jẹ, nítorí ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ.

Kí ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ gan-an?

Ẹnìkan fún ẹnìkan ni, àmọ́ owó wà lórí ọ̀kan. Mílíọ̀nù 20 Yúrò ni wọ́n dá lé Eto'o nínú ìṣirò wọn, mílíọ̀nù 46 sì ni owó tí Barcelona máa san. Wọ́n tún fẹ́ yá Inter ní Aleksandr Hleb, ọmọ Belarus tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal rí. Hleb kọ̀ jálẹ̀, ó gba Stuttgart lọ. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí Barcelona kó lé Ibrahimovic lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 70 Yúrò. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, ọdún 1981 kan náà ni wọ́n bí wọn.

Ẹ wo bí ọjà náà ṣe rí. Lọ́jà tiwa, ẹni tó tà ni í fún ẹni tó rà lénì. Ìyá ẹlẹ́wà á wọn kóńgò yín pé, á wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Níbí, Barcelona ló ra ọjà, Barcelona náà ló tún fún ẹni tó tà lénì. Eto'o sì ni ènì ọ̀hún, ẹni tó ti jẹ gòólù 130 fún wọn láàárín ọdún márùn-ún. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Kò sẹ́ni tí í yẹ ènì wò. Wọ́n á kàn dà á sínú báàgì ni, ojú gbogbo ènìyàn á wà lára ọjà. Ọjọ́ tí Ibrahimovic dé Camp Nou, pápá Barcelona, láti wọ aṣọ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, èrò tó jáde wá wò ó lé ní 50,000.

Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ kí Eto'o lọ?

Kì í ṣe nítorí gòólù. Ní sáà 2008-09, ó jẹ gòólù 30 nínú La Liga, líìgì Sípéènì, nìkan. Nínú àṣekágbá Champions League, ìdíje tó ga jù lọ fún àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù, ní Róòmù, ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2009, ìṣẹ́jú kẹwàá ló ti gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n Manchester United. Messi fi orí kan ìkejì wọlé ní abala kejì, Barcelona sì gba ife mẹ́ta pọ̀ ní sáà kan ṣoṣo: líìgì, ife ilẹ̀ Sípéènì àti Champions League.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí Pep Guardiola gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọdún 2008, ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ ló ti dárúkọ àwọn mẹ́ta tí kò sí nínú ètò rẹ̀: Ronaldinho, Deco àti Eto'o. Ronaldinho kó lọ sí Milan, Deco kó lọ sí Chelsea. Eto'o dúró, ó sì fi gòólù dáhùn. Lẹ́yìn ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, Guardiola ṣì fẹ́ kó lọ. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí, ohun tó sọ kò ju pé bí ọkàn òun ṣe rí sí i ni. Mo gbà pé akọ́nimọ̀ọ́gbá lè ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń bá èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbé lójoojúmọ́ mọ ohun tí àwa tí a jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n kò mọ̀.

Àdéhùn Eto'o ṣẹ́ ku ọdún kan péré. Bí ọdún náà bá pé láìtà á, ọ̀fẹ́ ni yóò lọ, Barcelona kò sì ní rí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ fẹ́ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kì í lè nájà dáadáa, Inter sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí kan tó jẹ́ ti bọ́ọ̀lù pọ́ńbélé náà wà. Nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá lọ́dún yẹn, Chelsea kó gbogbo ara wọn sẹ́yìn. Òmì ni wọ́n ta ní Camp Nou, ní London sì rèé, ìgbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ti fẹ́ parí pátápátá ni Iniesta tó rí ọ̀kan gbá wọlé. Guardiola wá ń wá ẹni tí wọ́n lè gbé bọ́ọ̀lù sókè fún bí ilẹ̀ bá dí. Ibrahimovic ga tó mítà 1.95, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni kúkúrú. Lórí ìwé, èrò náà kò burú.

Ṣé Ibrahimovic kò dára tó ni?

Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò wo bọ́ọ̀lù sáà yẹn. Ó jẹ gòólù nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì márùn-ún tó kọ́kọ́ gbá fún Barcelona. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2009, orí bẹ́ǹṣì ló ti dìde wọlé nígbà tí Real Madrid wá sí Camp Nou. Dani Alves gbé bọ́ọ̀lù kọjá, Ibrahimovic kò jẹ́ kó balẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọlé. 1-0 ló parí sí. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, ó jẹ méjì ní pápá Arsenal. Gòólù 21 ló jẹ ní sáà náà. Barcelona sì gba La Liga pẹ̀lú pọ́ìǹtì 99.

Kí ló wá bàjẹ́?

Ilé tó dé ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́, wọn kò sì rántí sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 2009, ní Bernabéu, pápá Real Madrid, níbi tí Barcelona ti fi 6-2 nà wọ́n. Lọ́jọ́ náà, Guardiola gbé Messi kúrò ní wíǹgì ọ̀tún wá sí àárín, ó ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé bọ́ọ̀lù. Eto'o tó jẹ́ atamátàsé àárín ló sún sí wíǹgì ọ̀tún, Henry sì wà lósì. Àwọn adènà àárín Madrid kò mọ ẹni tí wọn ì bá tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé Messi, ẹ̀yìn wọn á ṣí sílẹ̀ fún Eto'o àti Henry. Bí wọ́n bá dúró, Messi á dá nìkan wà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé ẹni tó jẹ gòólù jù lọ lára wọn nínú líìgì gbà láti kúrò lójú àwọ̀n. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni wọ́n ta ẹni náà, wọ́n sì fi owó tabua ra ẹni tí àárín jẹ́ ibùgbé rẹ̀.

Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù bíi Ibrahimovic máa ń dúró láàárín àwọn adènà méjì, kí wọ́n kọ bọ́ọ̀lù sí i láyà, kó dá a dúró, kí àwọn yòókù sì sáré kọjá lára rẹ̀. Ibi tó dúró sí gan-an ni Messi fẹ́ gbà sáré wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010 ni Messi ti ń padà sí àárín díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí Ibrahimovic jẹ méjì ní ilé Arsenal, kò lè gbá bọ́ọ̀lù ìkejì ní Camp Nou. Messi dúró sí àárín, ó nìkan jẹ mẹ́rin. 4-1. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ Ibrahimovic parí ní Barcelona, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì jáde. Messi fi gòólù 47 kádìí sáà náà nílẹ̀.

Báwo ni Inter ṣe rí kí Eto'o tó dé?

Wọ́n lágbára nílé, wọn kò já mọ́ nǹkan níta. Sáà mẹ́ta ni Ibrahimovic lò níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n gba Serie A, líìgì Ítálì. Òun ló jẹ gòólù jù lọ nínú líìgì náà ní sáà tó kẹ́yìn, 25. Àmọ́ nínú Champions League, ìpele ẹlẹ́ni mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti ń padà sílé lọ́dọọdún: Valencia lé wọn jáde ní 2007, Liverpool ní 2008, Manchester United ní 2009. Bọ́ọ̀lù tó bá ti dé àárín pápá, Ibrahimovic ni wọ́n ń wá. Ẹgbẹ́ tó bá ti lè dí i mọ́lẹ̀ ti dí Inter mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ọdún 1965 ni Inter ti gba ife Yúróòpù gbẹ̀yìn, nígbà tí Angelo Moratti jẹ́ ààrẹ wọn. Ní 2009, ọmọ rẹ̀, Massimo Moratti, ló wà lórí àga. Ọmọ tó ń wá ohun tí bàbá rẹ̀ rí, tí ó ti ń náwó lé e lórí láti ọdún 1995. Ẹ ó mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ ẹ́ lógún.

Wọ́n ní owó Ibrahimovic ni Inter fi ra gbogbo ikọ̀ tó gba ife mẹ́ta. Ṣé òótọ́ ni?

Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Diego Milito àti Thiago Motta ti dé láti Genoa ṣáájú, Lucio náà ti dé láti Bayern Munich kí wọ́n tó fọwọ́ sí pàṣípààrọ̀ náà. Goran Pandev dé ní oṣù kìíní ọdún 2010, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó dé lẹ́yìn tí owó wọlé ni Wesley Sneijder, tí Real Madrid kò fẹ́ mọ́, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 Yúrò. Ìparí oṣù kẹjọ ló balẹ̀ sí Milan, kò sì tíì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ tó fi wọ pápá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Inter fi 4-0 na AC Milan.

Nítorí náà, owó ọ̀hún ṣe pàtàkì, àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù ni àyè tó ṣí sílẹ̀. Bí Ibrahimovic ti lọ, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà. Sneijder ń pín in, Milito ń parí rẹ̀, Maicon ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gòkè. José Mourinho, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, tún wá rí ẹnìkan tó ti gba gbogbo nǹkan rí, tó sì ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ẹni náà kò jẹ gòólù púpọ̀ ní sáà yẹn, 16 péré. Ọ̀kan nínú wọn ló mú Inter kọjá ìpele tí wọ́n ti ń ṣubú, ní Stamford Bridge, pápá Chelsea, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta: Sneijder na bọ́ọ̀lù sẹ́yìn àwọn adènà Chelsea, Eto'o gbà á, ó gbá a wọlé. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí Inter rà, ẹ má ka gòólù rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé Eto'o di adènà lọ́jọ́ Camp Nou?

Òótọ́ ni, ojú mi ló ṣe. Nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá Champions League, Inter ti na Barcelona ní 3-1 ní San Siro, pápá wọn, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin: Pedro ló kọ́kọ́ jẹ fún Barcelona, lẹ́yìn náà ni Sneijder, Maicon àti Milito dáhùn. Ọjọ́ 28 ni ìkejì. Ilé ìwòran kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo ti wò ó, lórí pákó tí wọ́n tò sórí búlọ́ọ̀kù. Èrò pọ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn dúró sórí ìjókòó tiwọn. Nàìjíríà tiwa ni o: nǹkan bíi ìdajì wa wọ aṣọ Barcelona, kò sẹ́ni tó wọ ti Inter, àmọ́ àwa tí a fẹ́ràn Eto'o wà níbẹ̀, a dákẹ́.

Ní ìṣẹ́jú kejìdínlọ́gbọ̀n, Motta fi ọwọ́ kan Busquets lójú, rẹfirí fún un ní káàdì pupa. Ariwo tó sọ nínú ilé náà, n kò gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ mọ́. Inter ku mẹ́wàá, ó sì ku wákàtí kan ó lé. Láti ìgbà náà lọ ni Eto'o ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, níwájú àpótí gòólù tiwọn. Kì í ṣe pé ó ń ran adènà lọ́wọ́. Òun gan-an ni adènà. Alves á gba bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún Barcelona, ẹni tí yóò bá níwájú rẹ̀ ni Eto'o. Bó bá gbé e padà fún Xavi, Eto'o á sún sínú. Bí Xavi bá tún gbé e fún Alves, Eto'o á tún sáré jáde. Ohun tó ń ṣe nìyẹn, síwá sẹ́yìn, láìjẹ́ pé bọ́ọ̀lù kan án lẹ́sẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó jókòó tì mí, tó wọ aṣọ Barcelona, bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí Eto'o bá kọjá ìlà àárín pápá. Ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí abala kejì fi máa dé ìdajì, ó ti dákẹ́, nítorí kò rí nǹkan kà. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló lè ṣe irú èyí nínú àwọn tiwa yìí?” N kò dá a lóhùn. Ibrahimovic wà lójú pápá nígbà náà, láàárín Lucio àti Walter Samuel, adènà Inter méjì, bọ́ọ̀lù kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Guardiola yọ ọ́, ó fi Bojan rọ́pò rẹ̀.

Piqué jẹ ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kẹrìnlélọ́gọ́rin, ó yí bí atamátàsé tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti kékeré. Bojan tún gbá òmíràn wọlé ní àfikún àkókò, rẹfirí fagi lé e, ó ní bọ́ọ̀lù ti kan Yaya Touré lọ́wọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3-2 fún Inter. Mourinho sáré wọ pápá, ó na ìka sókè, wọ́n sì ṣí omi tí wọ́n fi ń rin koríko lé wọn lórí. Ohun tí mò ń wò ni Eto'o. Ilé rẹ̀ àtijọ́ nìyẹn, àwọn èèyàn tó fi í ṣe ènì sì wà níbẹ̀.

Ṣé kì í ṣe eérú òkè oníná ló ṣẹ́gun Barcelona?

Òkè oníná kan bú gbàmù ní Iceland lóṣù kẹrin náà, ọkọ̀ òfuurufú kò lè fò, Barcelona sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Milan, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Wọ́n sùn lọ́nà ní Cannes. Kò sí àní-àní, ó rẹ̀ wọ́n. Àmọ́ àwọn tó rẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ jẹ gòólù, wọ́n sì ní ọjọ́ mẹ́jọ láti sinmi kí ìkejì tó wáyé.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Barcelona lẹ́yìn náà?

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn, nítorí ẹni tó bá rò pé wọ́n rì ti ṣìnà.

Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ra David Villa lọ́wọ́ Valencia ní mílíọ̀nù 40 Yúrò. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2010, wọ́n yá AC Milan ní Ibrahimovic, pẹ̀lú àdéhùn pé Milan lè rà á ní mílíọ̀nù 24 lẹ́yìn sáà náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ohun tí wọ́n rà ní nǹkan bíi 70, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ ní 24 lẹ́yìn ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò gbàgbé bọ́ọ̀lù, gòólù kò sì wọ́n ọn.

Villa náà, atamátàsé àárín ni ní Valencia. Nígbà tó dé, ó gbà láti dúró sí wíǹgì òsì kí Messi lè ní àárín. Pedro wà lọ́tùn-ún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, wọ́n fi 5-0 na Real Madrid ti Mourinho, Villa jẹ méjì, Messi sì ló ń na bọ́ọ̀lù sí i. Ní Wembley, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011, wọ́n na Manchester United ní 3-1: Pedro, Messi, Villa, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níwájú.

Ohun tí Villa gbà láti ṣe yìí ni Eto'o ti ṣe ní Bernabéu lọ́jọ́ 6-2. Wọ́n náwó ńlá lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó padà rí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, n kò lè sẹ́ pé sáà Ibrahimovic ló là wọ́n lójú. Lẹ́yìn rẹ̀, Guardiola kò tún gbé ẹnikẹ́ni sí iwájú Messi mọ́. Gòólù 53 ni Messi jẹ ní sáà 2010-11, ó sì di 73 ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Inter ńkọ́?

Wọ́n gba gbogbo rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2010. Coppa Italia, ife ilẹ̀ Ítálì, lọ́jọ́ karùn-ún, Serie A lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, Champions League lọ́jọ́ kejìlélógún ní Bernabéu, 2-0 lórí Bayern Munich. Milito ló jẹ gòólù tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ikọ̀ Ítálì mìíràn tó ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní sáà kan ṣáájú wọn.

Lẹ́yìn náà, ikọ̀ náà gbó mọ́ wọn lọ́wọ́. Mourinho gba Real Madrid lọ. Rafael Benítez dé, ó gba ife àgbáyé ti àwọn kíláàbù ní oṣù kejìlá, wọ́n lé e lóṣù yẹn náà. Eto'o padà sí àárín, ó sì jẹ gòólù 37 ní sáà 2010-11. Òun ló jẹ méjì nígbà tí wọ́n gba Coppa Italia lórí Palermo. Àmọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, Ibrahimovic wọ aṣọ AC Milan, ó gbá pẹ̀nárítì wọlé Inter, ó di 1-0, Milan ló sì gba líìgì sáà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, Eto'o lọ sí Anzhi Makhachkala ní Rọ́ṣíà. Serie A tí Inter gbà ní 2010, ọdún 2021 ni wọ́n tó tún gba òmíràn.

Ṣé wọ́n kàn lè fi agbábọ́ọ̀lù ṣe pàṣípààrọ̀ bí ẹrù ni?

Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, rárá. Ẹni náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn tuntun fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Hleb fi lè sọ pé òun kò lọ. Àdéhùn owó oṣù Eto'o gan-an gba àkókò kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ní Amẹ́ríkà, nínú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, ẹgbẹ́ lè pààrọ̀ ẹni tí àdéhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn láìbi í, àfi tó bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni èyí tó wọ́ jù lọ ti ṣẹlẹ̀: ní oṣù kẹwàá ọdún 1989, Dallas Cowboys fi Herschel Walker fún Minnesota Vikings, wọ́n gba agbábọ́ọ̀lù márùn-ún àti ẹ̀tọ́ láti mú àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ikọ̀ tó gba Super Bowl, ife tó ga jù lọ níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́rin.

Ní Yúróòpù, ó ṣọ̀wọ́n. Ashley Cole fún Gallas àti owó díẹ̀ ní 2006. Alexis Sánchez fún Mkhitaryan ní oṣù kìíní 2018, láìsí owó kankan láàárín, tí Manchester United àti Arsenal sì jọ pàdánù.

Kí ló kan àwa níbí?

Inter kì í ṣe àjèjì sí wa. Kanu àti Taribo West gba ife UEFA pẹ̀lú wọn ní 1998. Lẹ́yìn wọn ni Ọbáfẹ́mi Martins, ọmọ Èkó, tó máa ń ta òkìtì léraléra bó bá ti jẹ gòólù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Inter ta Martins fún Newcastle. Oṣù yẹn náà ni Ibrahimovic dé láti Juventus. Ọmọ wa ló lọ kí àyè tó wà fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò fẹ́ràn Ibrahimovic láti ọjọ́ náà, mo sì gbà pé kò tọ́, torí òun kọ́ ló ta ẹnikẹ́ni.

Ṣé Ibrahimovic padà gba Champions League?

Rárá. Ó gba líìgì ní Netherlands, Ítálì, Sípéènì àti Faransé, ó sì fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹfà ọdún 2023 láì fọwọ́ kan ife náà. Lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2010, ní Bernabéu, Eto'o gbé tirẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta sókè, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó gba ife mẹ́ta pọ̀ ní sáà méjì tó tẹ̀ léra, pẹ̀lú ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.